Àgádágodo Orí Afárá

Kì í ṣe obìnrin mìíràn ni ó gba Báyọ̀dé lọ́wọ́ Dárasími. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ẹ̀yà, kì í sì í ṣe pé ìfẹ́ tán nínú ọ̀kan nínú wọn. Àgádágodo ni. Àgádágodo onídẹ kékeré, irú èyí tí à ń fi ti àpótí aṣọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó dé òpin, tí ẹ̀rín bá ṣì wà lẹ́nu yín nígbà náà, kí ẹ wá rín in.

Orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti pàdé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àwọn èrò sì ń ti ara wọn gun àtẹ̀gùn afárá náà bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ lókè. Olúwadárasími ń ti ilé ìtajà oògùn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá bọ̀, ó ń lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Bàrúwà, ni gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ bá há sáàárín irin méjì.

"Àǹtí, ẹ máa lọ jàre!" ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo. "Ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ni?"

Bí ó ṣe ń fa ẹsẹ̀, ojú ń tì í, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ má fà á, ẹ máa já a. Ẹ yọ ẹsẹ̀ yín nínú rẹ̀ ná."

"Kí n wá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹrẹ̀ yìí?"

"Ẹ gbé e lé orí bàtà tèmi. Ó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀."

Ni Dárasími bá gbé ẹsẹ̀ lé orí bàtà ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi sùúrù yí bàtà náà títí ó fi yọ, ṣùgbọ́n kò tètè dá a padà. Ó gbé e dání bí ọlọ́pàá tó gba ìwé ọkọ̀.

"Mi ò gba owó," ó ní. "Orúkọ ni mò ń gbà."

"Olúwadárasími."

"Ó ti dára sí èmi náà lónìí nìyẹn. Báyọ̀dé lorúkọ tèmi."

Láti ọjọ́ náà lọ, tí ó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ afárá yẹn ni ẹ ó ti bá a. Ìgàndò ni ilé bàbá rẹ̀ wà, kò sì sí ohun tí ó pa òun àti Ìyànà Ìpájà pọ̀ ju ọmọbìnrin yìí lọ. Nígbà tí ó wá mọ̀ pé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni ìyá Dárasími àti Àǹtí Susanna, àbúrò bàbá tirẹ̀, ti ń kọ́ni, inú rẹ̀ dùn dé orí. Alárinà dé láìwá a.

"Èmi ni o fẹ́ fi ṣe alárinà?" Àǹtí Susanna ní. "Tí ó bá yọrí sí rere, wọ́n á ní kí n yẹba. Tí kò bá yọrí sí rere, èmi ni wọ́n á máa bú. Ó dáa, màá lọ. Ojú ẹ ti wọ̀ jù, mi ò lè máa wò ó báyìí."

Ìyá Kẹ́mi ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá Dárasími, nítorí Kẹ́mi ni àkọ́bí. Ọmọ Èkìtì ni, opó ni, olùkọ́ ni, jagunjagun àdúrà sì ni. Òun nìkan ni ó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ sùn. Nígbà tí Àǹtí Susanna gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fajú ro.

"Ìgàndò? Níbi ààtàn yẹn?"

"Ṣé ààtàn ni ó fẹ́ fẹ́ ọmọ yín ni, àbí ọmọ mi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Kẹ́mi, ọ̀rọ̀ sì rọ̀. Nígbà tí Báyọ̀dé fi rí ààyè kàwé sí i ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ti fẹnu kò: tí ó bá parí, nígbà ọdún Àjíǹde, yóò wá sílé, àwọn ẹbí yóò sì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Dárasími sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Kò sunkún níbẹ̀. Ìgbà tí ó padà dé Ìyànà Ìpájà, tí ó ku òun nìkan lórí afárá, ni ẹkún gbá a mú.

Báyọ̀dé kàwé títí ọdún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo. Fóònù ni wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kẹsàn-án, Báyọ̀dé pè é láti inú ọkọ̀ ojú irin.

"A ti jáde lónìí! Èmi àti Hope àti Ọlọ́runṣògo. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Cologne la ń lọ, ọjọ́ Àìkú la máa padà."

"Ta ló ń ṣe iṣẹ́ iléèwé yín?"

"Dárasími, iléèwé, ibi iṣẹ́, yàrá. Iléèwé, ibi iṣẹ́, yàrá. Jẹ́ kí n rí oòrùn jàre."

Hope já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ti Èkó wá bíi tiwọn ni, kíláàsì kan náà ni òun, Ọlọ́runṣògo àti Báyọ̀dé wà. "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀ o! Bí a ṣe mú un jáde la máa dá a padà."

Dárasími ń rẹ́rìn-ín láàárín ìgò oògùn ikọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fara ti káńtà. Ó wù ú kí òun náà wà nínú ọkọ̀ yẹn, kí òun fi orí lé èjìká ẹnì kan, kí òun máa wo igi bí ó ṣe ń sá lọ lójú fèrèsé.

Ní ọjọ́ kejì, fídíò kan wọlé. Afárá irin gbọọrọ kan ni ó hàn nínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí rẹ̀, odò ńlá ń ṣàn nísàlẹ̀. Àgádágodo ni wọ́n so mọ́ ọgbà irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, ti idẹ, débi pé ojú kò rí irin mọ́. Báyọ̀dé dúró níwájú wọn, ó gbé tirẹ̀ sókè. Ó ti kọ orúkọ sí i lára: Dárasími, Báyọ̀dé. Ó fi kọ́ ọgbà irin náà, ó tì í, ó ró ko.

"Orí afárá ni mo ti rí ẹ," ó ní, atẹ́gùn ń gbé ohùn rẹ̀. "Orí afárá náà ni mo ti ti ara mi mọ́ ẹ o. Èmi ò ní ṣí i láyé." Ó fi kọ́kọ́rọ́ kan ẹnu, ó sì sọ ọ́ sínú odò. Ọlọ́runṣògo hó yèè lẹ́yìn, ẹ̀rín sì gbọn fóònù lọ́wọ́ Hope tó ń ya fídíò náà.

Dárasími wò ó, ó tún un wò. Ó wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ni ó tún fẹ́ kí ọkùnrin nífẹ̀ẹ́ òun ju báyìí lọ?

Ayọ̀ kò ṣeé dá jẹ, ohun tó fà á nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ pé ó pa á mọ́ sínú fóònù rẹ̀ ni, èmi ì bá má máa sọ ìtàn yìí fún yín. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ̀ ń tú gèlè, Kẹ́mi tí ó wá kí wọn láti Ìkòtún ń jẹ ìrẹsì, ni Dárasími bá gbé fóònù síwájú ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ wá wo ohun tí àna yín ṣe."

Ìyá Kẹ́mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí orúkọ ọmọ rẹ̀ lára àgádágodo, ẹ̀rín náà dúró. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wọ odò, ó kígbe, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Fóònù já bọ́ sórí ẹní.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Orúkọ ta ni mo rí lára nǹkan yẹn?"

"Orúkọ mi ni, mà, àti ti Báyọ̀dé."

"Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

Dárasími bẹ̀rẹ̀, ó mú fóònù kúrò lórí ẹní.

"Mo ní níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà!"

"Ó wà nínú odò, mà."

Kẹ́mi rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí ní ilẹ̀ yìí, ẹ ti mọ ohun tí ìyá náà rí. Kẹ́mi ti wà nílé ọkọ tipẹ́, kò tíì bímọ. Wòlíì kan ni ó ríran sí wọn níbi ìpàdé àdúrà kan pé wọ́n ti kọ orúkọ Kẹ́mi sára àgádágodo, wọ́n tì í pa, wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú odò. Láti ìgbà náà ni Ìyá Kẹ́mi ti ń gbààwẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí àgádágodo kankan nínú ilé rẹ̀. Wáyà ni ó fi ń de géètì rẹ̀ ní Bàrúwà. Àwọn aládùúgbò á ní, "Ẹ̀yin Mọ́mì, olè o!" Á ní Ọlọ́run ni olùṣọ́ òun.

"Mọ́mì, àwọn òyìnbó ló máa ń ṣe é," Dárasími ń bẹ̀bẹ̀. "Eré ìfẹ́ ni. Ẹ wo bí ó ṣe pọ̀ tó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni!"

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún! Jésù, ẹ wá wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n tì mọ́lẹ̀!"

Ẹ má fi ìyá náà ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Àǹtí Susanna ti dé. Kò tilẹ̀ jókòó. "Ìyá Kẹ́mi, àwọn ọmọ ń fi ìfẹ́ ṣeré, ẹ̀ ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Susanna, ṣé wọ́n ti ju orúkọ ọmọ tìrẹ sódò rí?"

"Orúkọ kọ́ ló wà nínú odò. Kọ́kọ́rọ́ ni."

"Èwo ló wá sàn nínú méjèèjì?"

Àǹtí Susanna wá jókòó. Ìyá Kẹ́mi wá sọ tirẹ̀: kí Báyọ̀dé padà sórí afárá náà, kí ó já àgádágodo yẹn, kí ó sì mú un wá kí òun fi ojú rí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí òun létí mọ́.

Nígbà tí Dárasími sọ ọ́ fún Báyọ̀dé, ó kọ̀ jálẹ̀. "Mi ò ní já a," ó ní. "Tí mo bá já a, mo ti gbà nìyẹn pé ibi ni mo ṣe. Gbọ́, Hope ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì. Mo ti fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́ fún ẹ. Ọjọ́ tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ máa yé ẹ, á yé Mọ́mì náà. Ṣáà dúró de Hope."

"Kí ni nǹkan náà?"

"Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù. Mo fẹ́ kí o dì í mú. Ṣé o máa dúró?"

"Màá dúró."

Òótọ́ inú rẹ̀ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe àṣìṣe kejì: ó lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó rò pé yóò fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Nǹkan?" Ìyá Kẹ́mi ní. "Láti ọwọ́ ọmọbìnrin tó dúró tì í nígbà tó ń tì ọ́ pa? Wọ́n ti fi ìdajì rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n wá fẹ́ kó ìdajì tó kù wọlé tọ̀ mí wá!" Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré wá ọkọ mìíràn fún ọmọ rẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbẹ̀rù máa ń ranni. Oṣù yẹn, nǹkan oṣù Dárasími pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Ó ti ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń lọ sí girama, òun fúnra rẹ̀ tí ó ń ta oògùn sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ń ka ìka ọwọ́ lẹ́yìn káńtà. Ó lọ bá Kẹ́mi ní Ìkòtún, bóyá ẹ̀gbọ́n á bá a rẹ́rìn-ín. Ó bá a lórí ibùsùn, ó ń ká àwọn aṣọ ìkókó tí ó rà lọ́dún tó ṣe ìgbéyàwó. Ó ń sá wọn sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

Kẹ́mi ká fìlà pẹ́ńpẹ́ kan sí méjì. "Mi ò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé kò sí àgádágodo níbì kankan. Ṣùgbọ́n tí ó bá wà ńkọ́?" Ó gbójú sókè. "Dárasími, mi ò fẹ́ kí o wá jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó wọ inú rẹ̀, tí kò sì jáde mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó béèrè ohun tí kò yẹ kí ó béèrè.

"Báyọ̀dé, kí ló dé tí o fi ju kọ́kọ́rọ́ yẹn sódò?"

Báyọ̀dé pa ohun tí ó ń ṣe tì. Ó ní: "Ìwọ náà, Dárasími?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Mọ́mì lè béèrè. Gbogbo Bàrúwà lè béèrè. Ìwọ tí o gbé ẹsẹ̀ lé orí bàtà mi níjọ́ tí o ò tíì mọ orúkọ mi?"

"Sọ fún mi ṣá! Nǹkan tó wà lọ́wọ́ Hope, sọ ọ́ fún mi báyìí, mo bẹ̀ ẹ́."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ni màá fi hàn ẹ́ kí o tó gbà mí gbọ́, kí ni mo wá fún ẹ?" Ohùn rẹ̀ ti fọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Báyọ̀dé pè padà ní ọjọ́ kejì. Ìyá Dárasími jókòó tì í, Dárasími kò sì lè gbé e. Nígbà tí ó ráyè, ìtìjú kò jẹ́ kí ó pè. Báyọ̀dé náà rò pé ó ti kọ òun ni, ìbínú kò jẹ́ kí òun náà tún pè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì tí wọ́n ń kú lọ fún ara wọn ṣe ń wo fóònù, oníkálukú ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Richard ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ìjọ wọn ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti ń wo Dárasími látọdún tó kọjá, Ìyá Kẹ́mi sì mọ̀. Dárasími kọ̀. Ó kọ̀ títí, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀, tí ó sì kúnlẹ̀.

"Mọ́mì! Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Mo sin bàbá yín, mo dúró," ìyá náà ń sunkún, orúnkún rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ǹtì. "Mò ń wo Kẹ́mi lójoojúmọ́, mo dúró. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa gbé mi ṣubú. Dárasími, ìyá rẹ ló ń bẹ̀ ọ́."

Ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ yóò kúnlẹ̀ fún, tí yóò ní rárá? Òun náà kúnlẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ mú, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Oṣù Kọkànlá kò tíì parí tí wọ́n fi so òun àti Richard pọ̀. Àǹtí Susanna wá, ó jókòó sẹ́yìn, kò jẹ, kò mu. Nígbà tí wọ́n bi Dárasími ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ó gba ọkùnrin yìí ní ọkọ, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àlùfáà ní kí ó tún un sọ.

Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá kó ìyókù ẹrù rẹ̀ ní Bàrúwà. Richard lọ ra epo sọ́kọ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Dárasími ń gbá yàrá rẹ̀ àtijọ́ nígbà tí ó gbọ́ tí ẹnì kan ń tú wáyà géètì. Ọmọbìnrin kan tí ó gbé báàgì kọ́rùn ni.

"Ẹ̀yin ni Dárasími," ó ní. "Mo mọ ojú yín. Èmi ni Hope."

Dárasími fi ọwọ́ tí òrùka wà pamọ́ sẹ́yìn. Hope ti rí i.

"A ti gbọ́. Báyọ̀dé náà gbọ́. Mo ní kí n má mú un wá mọ́, ó ní kí n mú un wá, pé tiyín ni." Ó tú áńkáṣíìfù kan, ó gbé ohun inú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ onídẹ kékeré kan ni.

"Kọ́kọ́rọ́ kí nìyí?"

"Ti àgádágodo yẹn ni. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n fi ń tà á. Ó ní ọ̀kan tòun, ọ̀kan tiyín. Tirẹ̀ ni ó jù sódò. Ó ní òun ò fẹ́ ọ̀nà tí òun máa gbà jáde, ṣùgbọ́n òun ò lè ti ọmọ ọlọ́mọ pa. Pé ọjọ́ tí òun bá ṣẹ̀ yín, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ ṣí i, kí ẹ máa lọ." Hope gbé ojú sí ibòmíràn. "Ó ní kí n fi lé yín lọ́wọ́ níwájú Mọ́mì, kí Mọ́mì lè rí i."

Dárasími pa ọwọ́ dé. Kò sunkún.

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án."

Ohùn Ìyá Kẹ́mi ti inú ilé jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde. "Ta nìyẹn? Kí ló fi lé ọ lọ́wọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni, mà. Ti àgádágodo orí afárá."

Ìyá Kẹ́mi fi ẹ̀yìn rìn, ẹnu rẹ̀ ti là láti ké. Ṣùgbọ́n Dárasími tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i níwájú, ojú ìyá náà sì bọ́ sórí nǹkan kékeré yẹn.

"Ṣebí o ní ó wà nínú odò?"

"Tirẹ̀ ló wà nínú odò. Tèmi nìyí. Òun ló fi rán Hope, òun ló ní kí n dúró dè."

Olùkọ́ ni obìnrin yẹn, ẹ rántí. Ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó wo òrùka ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó tún wo kọ́kọ́rọ́ náà.

"Tí kọ́kọ́rọ́ tìrẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ," ó ní jẹ́jẹ́, "ta ni ó wá tì pa?"

"Ara rẹ̀ ni, mà."

Ìyá Kẹ́mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fèrè ọkọ̀ Richard dún níta. Dárasími so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀. Hope bá a gbé èyí tó kù. Wọ́n jáde, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn wọn, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti de wáyà rẹ̀ padà.